Sàkáríyà Ọláìtán, Agbẹ́kànga Tó Dá Omi Padà fún Àwọn Àgbẹ̀ Ẹ̀yìn Kuje

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn ìbí olóògbé fún èmi ìyàwó wọn ni ìyá ọkọ mi, Àlímátù Àbẹ̀kẹ́. Màmá ní inú kànga ni ọkọ àwọn wà nígbà tí àwọn bí olóògbé. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1958 ni, ní agboolé Ọlọ́nà, nílùú Ìwó, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gidigidi. Baba olóògbé, Yésúfù Ọláìtán, tí iṣẹ́ ìran wọn jẹ́ kànga gbígbẹ́, ń walẹ̀ lọ́wọ́ nísàlẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin ilé tẹnu bọ kànga, tí wọ́n ń kígbe pé, “Ẹ kú oríire o! Akọ ni!” Baba dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, “Ẹ ní kó fara balẹ̀. Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun.” Wọ́n sọ ọmọ náà ní Sàkáríyà.

Bàbá Sàkáríyà parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwó ní ọdún 1971. Wọ́n bá baba wọn gbẹ́ kànga fún ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ kànga dẹ̀rọ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1984, wọ́n fẹ́ èmi Ruqoyyah, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin ta wá lọ́rẹ. Ọdún 1991 ni a kó wá sí Abújá, Kuje ni a sì ń gbé títí di òní. Nígbà tó di ọdún 1999, olóògbé ra ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ tiwọn. Láti Life Camp dé Maitama, àdúgbò tí kò ní kànga tí wọ́n gbẹ́ kò pọ̀.

Mùsùlùmí òdodo ni Bàbá. Búta omi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá, kódà ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ wọn bá ń tu omi sókè bí òjò. Bí ẹnikẹ́ni bá da omi tó kù nínú ife nù lójú wọn, wọ́n á bi í pé, “Ṣé ìwọ lo fà á jáde ni?” Àwọn náà ló mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n á sì máa dúró dè mí lẹ́nu géètì.

Àwa ẹbí kò ní fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018 pamọ́, nítorí olóògbé fúnra wọn kò fi í pamọ́. Ní àfonífojì kan lẹ́yìn Kuje, àwọn àgbẹ̀ Gbàgyí, Hausa àti Yorùbá ń fi omi ìsun kan dáko ẹ̀ẹ̀rùn: tòmátò, ata, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Àwọn olówó ra ilẹ̀ tó wà lókè ìsun náà, wọ́n kọ́lé, wọ́n gbẹ́ adágún ẹja. Láàárín ọdún méjì, olóògbé gbẹ́ kànga dẹ̀rọ mẹ́rìnlá fún wọn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2018, ìsun gbẹ. Obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Waliyat ru agbọ̀n ata tó ti rọ wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní, “Bàbá Diméjì, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín.” Bàbá bínú. Wọ́n ní òjò ni kò tó.

Ṣùgbọ́n wọn ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n mú okùn tí baba wọn fi ń wọn omi kànga, wọ́n so òkúta mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n sì lọ sí kànga mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá níkọ̀ọ̀kan. Omi ti lọ sílẹ̀ nínú gbogbo wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n dìde láàárín àwọn àgbẹ̀, wọ́n ní, “Èmi ni mo fa omi yín lọ. N kò mọ̀ọ́mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ni.”

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ wọn kò jáde mọ́. Diméjì, àkọ́bí wa, sọ fún wọn pé, “Bàbá, bí ẹ ò bá gbẹ́ ẹ, ẹlòmíràn á gbẹ́ ẹ.” Wọ́n ní, “Ìdí tí òfin fi gbọ́dọ̀ wà nìyẹn.”

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Wọ́n ń sọ ọ́, èmi ń kọ ọ́: kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ kànga dẹ̀rọ sórí òkè náà láìgba àṣẹ, kí a máa wọn omi ibẹ̀ lọ́dọọdún, kí ìjọba kọ́ dáàmù kékeré tí yóò gba omi òjò dúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Níwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, agbẹjọ́rò àwọn onílé orí òkè bi wọ́n pé, “Alàgbà, ta ló gbẹ́ kànga mẹ́rìnlá tí ẹ ń ráhùn lé lórí yìí?” Bàbá ní, “Èmi ni, sà. Ẹni tó jí ẹrù ló mọ ibi tó gbé e gbà.” Ẹ̀rín sọ. Agbẹjọ́rò jókòó. Òfin náà jáde ní ọdún 2022, iṣẹ́ dáàmù sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì.

Olóògbé jáde láyé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Wọ́n fi èmi ìyàwó wọn sílẹ̀, àti àbúrò wọn, Ìbídùnní, ní Ìwó. Àwọn ọmọ wọn, Diméjì, Kúnbi, Ismaheel àti Tèmilọlá. Àti ọmọ-ọmọ méje, tí Ayọ̀midọ̀tun, àbígbẹ̀yìn wọn, kò tíì pé oṣù mẹ́ta.

Ó ku ohun kan. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí wọ́n ń ṣí ẹnu dáàmù, Bàbá kò jókòó sábẹ́ kánópì pẹ̀lú àwọn olóyè. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n lọ dúró létí oko Waliyat, wọ́n tẹjú mọ́ kòtò tí omi dáàmù yóò gbà wọ oko. Omi ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ti ewé gbígbẹ síwájú. Nígbà tó dé ìdí ata, Waliyat fi ọkọ́ bu ẹrẹ̀ dí ojú kan, omi sì yà sí ebè kejì. Bàbá wọ bàtà wọn padà, wọ́n kọrí sí títì. Ayàwòrán ń pè wọ́n pé, “Bàbá, ẹ dúró, ó ku ẹ̀yin!” Wọn ò wẹ̀yìn.

Kí Aláàánú jùlọ fi ibi tútù ṣe ibùsùn yín, Sàkáríyà ọmọ Yésúfù. Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀.