Wọ́n Ń Kí Awòsánmà Kú Ọ̀fọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta
Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì bọ́ bàtà tí mo ti ń kọ èyí. Awòsánmà — ọmọbìnrin mi tó ń ṣèwádìí ìràwọ̀ — kò gbé fóònù láti Ọjọ́bọ̀. Níbi iṣẹ́ ìfọṣọ mi, mo fi áyọ́nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Bàbá wọn ní ó ti kúrò lọ́mọ ọwọ́. Mo ní ikùn tó gbé e kò tíì gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Kò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ránṣọ, tí a ń pè ní Télọ̀, ló tú ọ̀rọ̀ náà fún mi. Agbo ìràwọ̀ kan ni Awòsánmà ń ṣọ́. Ihò dúdú, ọ̀fun tó ń gbé ohun gbogbo tó bá sún mọ́ ọn mì, wà láàárín rẹ̀. Ohun tó ń gbé mì ló ń gbóná, tó ń tàn. Ṣùgbọ́n eruku bò ó, ojú lásán kò rí i. Ẹ́ksírè nìkan ló ń gba inú eruku náà jáde. (Nígbà tí Awòsánmà fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo bi í pé ṣé eegun ìràwọ̀ náà ló dá ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.)
Ẹ́ksírè yẹn wá dín kù lójijì. Ọ̀gá rẹ̀ ní, fara balẹ̀, jẹ́ ká fi ẹ́ksírè tó lágbára jù yẹ̀ ẹ́ wò. Awòsánmà kò dúró. Ó kéde fáyé pé iná ti kú. Àwọn ẹlòmíì fi èyí tó lágbára wò ó — iná ń jó bíi ti tẹ́lẹ̀. Eruku ló ki sí i.
Ní ìpàdé wọn, ẹnì kan kí i pé, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Látìgbà náà, bó bá ti wọ ọ́fíìsì — ẹ kú ọ̀fọ̀.
Wọ́n kàwé tó báyìí, wọn ò mọ ohun tí kì í ṣe eré.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá
Télọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Inú yàrá ló ti dá a lóhùn: ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ sílé, mo ń sùn. Lọ́sàn-án gangan! Télọ̀ sì wálé lóòótọ́. Kí ló dé tí kò já ilẹ̀kùn náà?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá
Mo lọ fúnra mi. Onílé ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀dì wà ní títẹ́. Kò sí bàtà. Táwẹ̀lì ṣì tutù. Onílé ní, "Màmá, ó kí mi láàárọ̀ yìí. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín." Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. "Màmá, èmi ni. Ẹ má wá mi. Ẹ bá mi bẹ Bàbá." Mo pè é lójú ẹsẹ̀ — ó ti pa fóònù náà. Bàbá wọn, akọni, wọ balùwẹ̀ lọ, ó ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Èyí ni mo fi ránṣẹ́:
Ọmọ mi, mi ò ní wá ọ. Ṣáà dá mi lóhùn kíákíá, kódà kó jẹ́ èébú.