Oògùn Oorun Tí Ìyá Kúta Ń Bẹ̀rù

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ láì rójú yín,

Mo kí yín o. Ilé dákẹ́. Màmá parí opó, wọ́n sì ti lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tọ́jú ọmọ tuntun n'Íbàdàn, ló wá ku èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ yín. Nígbà míì màá fi ohùn oníbàárà kanlẹ̀kùn fún ara mi, pé ṣé bùbá àwọn ti jáde. Màá tún fi ohùn míì dáhùn pé ó ku bọ́tìnnì nìkan. Ẹ mọ̀ pé irọ́ tí ẹ máa ń pa fún wọn nìyẹn. Ẹ̀rín mi kì í débì kan kó tó tán.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ti Ìyá Kúta, ẹ̀gbọ́n yín. Irú àìsàn yín ló ń ṣe wọ́n. Jẹjẹrẹ ni, inú ikùn náà ló wà. Dókítà ní ó ṣì kéré, pé tí wọ́n bá tètè gé e kúrò, ara wọn lè yá. Ìyá Kúta ní àwọn ò ṣe. Ọ̀bẹ gan-an kọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù, oògùn tí wọ́n fi ń kunni lóorun ni. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, dókítà obìnrin tó ń kunni lóorun bẹ̀ yín pé kí ẹ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi mọ èyí tó sàn jù nínú àpòpọ̀ oògùn méjì. Àwọn kan á gba èyí, àwọn kan á gba ìkejì, kò sì sí aláìsàn tó máa mọ èyí tó kan òun. Ẹ gbà. Ẹ ní ṣebí oorun ni, kí wọ́n pò ó bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí ẹ wá kú, Ìyá Kúta sọ níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ pé wọ́n fi àbúrò àwọn dán oògùn wò, ni ò jẹ́ kó jí tán, pé ara lásán ló gbé padà wálé títí tó fi kú. Gbogbo agboolé sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹ jí. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ jí, ẹ padà wálé, ẹ tún jókòó sídìí ẹ̀rọ. Àìsàn náà ló ti dé ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, òun ló mú yín lọ nígbà tó yá. Mo sọ ọ́ títí. Ta ló máa gbọ́ tèmi? Èmi tí mo fi ohùn ládàánì pe ìrun Àsárì ṣáájú àsìkò, tí àwọn àgbààgbà ti ń ṣàlùwàlá kí wọ́n tó rí mi lórí igi máńgòrò. Èmi tí mo pe Ìyá Kúta lórí fóònù bí ọlọ́pàá, tí mo ní ewúrẹ́ wọn wà ní àtìmọ́lé. Wọ́n gun ọ̀kadà wá sí Ìwó wá gba béèlì ewúrẹ́.

Mo wá lọ bá dókítà yẹn, pé kó là á yé mi. Mi ò kàwé kọjá JSS mẹ́ta, àmọ́ mo fetí sílẹ̀. Ó ní àpòpọ̀ méjèèjì làwọn ti ń lò tipẹ́, pé èyí tí èèyàn á fi jí wọ́ọ́rọ́wọ́ làwọn ń wá, tí kò ní jẹ́ kó máa bì, tí ìrora á sì mọ níwọ̀n. Mo bi í pé èwo ni wọ́n fún yín. Ó ní àwọn ò tíì tú àṣírí rẹ̀, ó di ìgbà tí ti gbogbo èèyàn bá parí. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ níbi tí ẹ wà? Ṣé èyí tó dáa jù ló kàn yín?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gba Kúta lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ ní ohùn dókítà, tòun ti bó ṣe máa ń fi imú sọ̀rọ̀. Ìyá Kúta rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀bà fún mi. Wọ́n ní tí mo bá jẹun tán kí n máa lọ, pé irọ́ mi ti dùn jù. Wọ́n wá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tó bá jí lóòótọ́, kí ló kọ́kọ́ sọ?"

Mi ò tíì fi ohùn yín sọ̀rọ̀ rí láti ìgbà tí ẹ ti kú. Mo gbé àwo sílẹ̀. Mo pa ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan dé, bí ẹ ṣe máa ń fi ètè há abẹ́rẹ́ tí ẹ bá ń ránṣọ, mo sì sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ojú yín tó là tán.

"Wọ́n ti mú iná wá? Ẹ gbé aṣọ Àlhájà wá kí n parí ẹ̀."

Ìyá Kúta fi ìborùn bojú. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní àbúrò àwọn nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó lè hùmọ̀ irú ẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún dókítà pé àwọn ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, àmọ́ èmi ni kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà tíátà iṣẹ́ abẹ, pé ẹni tó rí i tí àbúrò àwọn jí ni kó rí tàwọn náà.

Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dìde, wọ́n bẹ̀ mí pé kí n tún un sọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ní mo ti gbàgbé bó ṣe lọ. Bàbá mi, mi ò gbàgbé. Nígbà tí ohùn yẹn jáde lẹ́nu mi, ẹ wà nínú yàrá náà, èmi pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ wojú yín. Nígbà tí mo pa ẹnu dé, ẹ tún kú.

Èmi ọmọ yín, tó ń fi ohùn ara rẹ̀ kí yín pé ó dàárọ̀.