Ìbọn Tó Há Lójú Ẹlẹ́dẹ̀ Igbó

Darrell,

Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ igbó tún ya wọ oko ẹ̀pà láàárọ̀ yìí. Ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí o rà, tí wọ́n ní ó ń fúnra rẹ̀ ki ọta, dún lẹ́ẹ̀kan péré, ọta kejì há. Akọ ńlá kan kọjú sí mi. Ajá wa, Rusty, ló bẹ́ sí i. Eyín ẹlẹ́dẹ̀ náà ya ajá nítan. Mo ti di egbò náà.

Mo ń gbé ìbọn náà padà lọ fún Hollis tó tà á fún ọ, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Má pè é pé kó yan òmíràn fún wa, torí èyí tó ń dán nìkan lojú rẹ máa ń rí. Àlòkù ni màá fi pààrọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni màá ti kọ́kọ́ yìn ín, pẹ̀lú irú ọta tí à ń rà gan-an, títí ọta inú rẹ̀ á fi tán. Tó bá há, kò ní bá mi délé.

Má lé Rusty kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Òun nìkan ni kò há láàárọ̀ yìí.

Luanne