Ìka Méjì Lórí Láàpútọ́ọ̀pù Yín

Bàbá mi àtàtà,

Láàpútọ́ọ̀pù yín fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ó ti ń falẹ̀ jù, ni mo bá gbé e lọ fún oníkọ̀ǹpútà kan. Ó yọ ètò àtijọ́ tó ń gbé e ṣiṣẹ́, ó fi tuntun sí i, ó sì búra pé gbogbo nǹkan yín tó wà nínú rẹ̀ kò sọnù. Ẹni tí kò ṣe nǹkan, kí ló ń búra sí? Ẹ̀yin náà lẹ kúkú kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà.

Ohùn yín tí ẹ gbà sílẹ̀ ní èdè Ẹpinmi, ìlú yín, kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀ tó sì mú yín lọ, ni mo ń wá. Mo ṣí ibi tó kó nǹkan yín sí, àwòrán nìkan ni mo rí. Mo fi ìka méjì fa páàdì tí ẹ fi ń darí rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń fà á, ojú ìwé kò mì. Mo fi mẹ́ta fà á, pàbó. Mo gbà pé ibẹ̀ ló parí sí, wọ́n ti pa ohùn yín rẹ́. Mo tún ní wọ́n ti pààrọ̀ páàdì náà, àmọ́ mo rí ibi tí òrùka yín ti ha á.

Mo padà lọ pariwo lé ọkùnrin náà lórí títí àwọn aládùúgbò rẹ̀ fi jáde. Kò tilẹ̀ bínú, ara tún fu mí sí i. Ó ṣí sẹ́tíńgì, ó tan fífi ìka méjì yí ojú ìwé tí ètò tuntun náà ti pa, ó tan ti ìka mẹ́ta, ó gbé e fún mi.

Nígbà tí mo délé ní Ọ̀kà, mo fà á, ojú ìwé yí lọ sísàlẹ̀. Ohùn yín wà nídìí pátápátá! Ojú tì mí.

Mo tẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ẹ sọ̀rọ̀ títí, orúkọ mi nìkan ló yé mi. Ẹ dárúkọ mi tán, ẹ rẹ́rìn-ín. Màmá náà ò gbọ́ ọ, ọmọ Ọ̀kà ni wọ́n. Ẹ rántí bí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ṣe máa ń yí sí èdè yẹn tí mo bá ti wọlé? Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ mi?

Ní Sátidé, màá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n yín náà ní Ẹpinmi. Mo mọ̀ wọ́n: wọ́n á gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbé iyán síwájú mi dípò kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Kí ni mo ṣe tó pa yín lẹ́rìn-ín, Bàbá?

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń fura sí yín.