Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Kútọnu

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Dàkáà. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa ti fúyẹ́ díẹ̀. Ọláníkẹ́ aya mi ti wọ oṣù tó máa bímọ.

Ẹ̀gbọ́n, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n ti lé mi níṣẹ́ ní èbúté. Bàbá wa dé láti Kétu, wọ́n sì yà kí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹrù tí mò ń ṣọ́. Ṣé kí n dúró gbọn-in kí bàbá tó bí mi ni? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀gá òyìnbó yọ sí wa, ó ní mo mutí yó, mo sùn sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá ń ṣàlàyé, òyìnbó kò gbọ́ èdè wa. Ní báyìí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó fẹ́ gbà mí ní àdúgbò Ganhi níbí. Ọ̀mùtí ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi orí ìyá wa bẹ̀ yín, ẹ bá mi bẹ agbẹjọ́rò tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó bá mi dá sí i. Bàbá ti ṣetán láti jẹ́rìí.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín. Ẹ tètè dáhùn nítorí Bàbá. Láàárọ̀, tí mo bá fẹ́ kí wọn, wọ́n á di apá mi mú: “Dúró bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Má dọ̀bálẹ̀ mọ́.”

Àbúrò yín,
Adéyanjú