Ọwọ́ Òsì Ni Mo Fi Ń Gbá A Báyìí

Bàbá mi,

Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí yóò gbá tẹníìsì fún ìpínlẹ̀ wa, Hubei. Ẹ má jáyà, wọ́n fún mi níṣẹ́ mìíràn. Ọlọ́wọ́ òsì ni ẹni tí Ruolan, ọ̀kan lára àwọn tó ṣì máa gbá fún wa, máa bá figagbága lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù sí Ruolan, kó lè mọ́ ọn lára. Ó ti mọ́ èmi náà lára débi pé ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń tàsé.

Kóòṣì Geng ní, "Peizhen, o mà mọ èèyàn sín jẹ o. Ìwọ ńkọ́, ta ló máa sín ọ jẹ?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Oúnjẹ pọ̀ níbí. Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà àti àwọn tí ẹ jọ ń ta ayò májọ̀ng. Ẹ má tíì sọ fún wọn pé wọn ò ní rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n. Láàárọ̀ yìí, mo gbá bọ́ọ̀lù kan sí igun, Ruolan sáré lé e, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Kóòṣì ní bí kò bá lè gbá, èmi ni yóò rọ́pò rẹ̀. A ṣì ń retí àwòrán orúnkún náà láti ọsibítù.

Peizhen yín