Lẹ́ǹsì Méjì àti Ojú Aúńtí Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Oníkámẹ́rà tó ń ta lẹ́ǹsì fún mi gbà níkẹyìn. Ó yá mi ní lẹ́ǹsì méjì títí di Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: kí n dán wọn wò, kí n mú ọ̀kan, kí n dá ìkejì padà. Méjèèjì ló lè sún mọ́ nǹkan bíńtín kó sì yà á gbàǹgbà. Òrùka alágbẹ̀dẹ wúrà ni mo fẹ́ yà, ṣùgbọ́n ojú èèyàn ló ń bọ́ mi, nítorí náà èyí tí mo bá mú gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ méjèèjì. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ – Gàgàrà àti Kúkúrú Bìlísì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kúkúrú ń yọ mí lẹ́nu. Kó tó rí òrùka dáadáa, àfi kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ fimú gún un, òjìji mi á sì bo gbogbo ìmọ́lẹ̀. Gàgàrà ń dúró lókèèrè ṣe tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí mo bá mí pẹ́nrẹ́n, àwòrán ti bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6

Alátakò yà wá láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ̀gbọ́n mi ni, aúńtí mi kan ṣoṣo – inú ìwé yìí nìkan ni orúkọ yẹn wà o. Bí mo bá ní ilẹ̀ ti mọ́, á ní kò tíì mọ́. Mo ní kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí n fi Gàgàrà yà á. Ó ní, "Mi ò fẹ́ rí inú imú mi o." A rẹ́rìn-ín.

Mo wá wo ohun tí mo yà. Àmì dúdú kan, lábẹ́ ojú òsì. Etí ẹ̀ rí jágajàga bí aṣọ tí eku jẹ, ibì kan dúdú, ibì kan pọ́n. Ó ní íńkì ni. Mo fi áńkáṣíìfù nù ún. Kò lọ.

Ẹtì, 7

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ ojú èèyàn mọ́ lórí kọ̀ǹpútà – rorẹ́, àpá, gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ mi á ti ṣe é tán kí n tó rò ó. Lónìí, ọwọ́ kọ̀. Mo kàn jókòó, mò ń wo àmì yẹn. Ó wá dà bíi pé òun náà ń wò mí.

Àìkú, 9

Mo parọ́ fún Aúńtí. Mo ní mo fẹ́ fi Kúkúrú wé Gàgàrà lójú ẹ̀ ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá: Kúkúrú sọ imú ẹ̀ di ńlá, kò bọ̀wọ̀ fún ojú èèyàn rárá. Mo sún mọ́ ọn débi pé èémí ẹ̀ bo gíláàsì. "Kí lò ń wò tó báyìí? Ṣé òrùka ni mí?"

Àmì yẹn ni mò ń wò. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ – ẹ̀kán kan, kò tó nǹkan. Ó ní tówẹ́ẹ̀lì ló ha òun. Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. "Ọsibítù, nítorí tówẹ́ẹ̀lì? Àwọn ọmọ mi ń ṣe ìdánwò, jọ̀ọ́."

Ọjọ́rú, 12

Kò gbé fóònù mi. Ìgbà mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 13

Mo tẹ fọ́tò náà jáde, ó fẹ̀ tó àtẹ, mo gbé e lọ bá a ní yàrá àwọn olùkọ́. Ó gbà á, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Èmi rèé?" Mo ní ẹ̀yin ni. "Ó dáa. Ká lọ lọ́la."

Alátakò gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju àmì gan-an lọ.

Ẹtì, 14

Dókítà awọ ara. Òun náà ní lẹ́ǹsì tiẹ̀, kékeré, ó gbé e lé abẹ́ ojú Aúńtí, kò sì tètè gbé e kúrò. Ó gé bíńtín níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ mẹ́wàá kí èsì tó dé. Ó béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè bóyá ó ń tóbi. Aúńtí ní, "Ẹ bi àbúrò mi. Gbogbo ọjọ́ ìbí mi ló máa ń yà mí."

Dókítà yíjú sí mi kíá. Ó ní kí n lọ wo gbogbo fọ́tò yẹn. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́ tí kò yí padà, a lè fara balẹ̀ dúró de èsì. Bó bá jẹ́ pé ó ń dàgbà ni, òun ò ní dúró. Ọjọ́ Ajé lòun máa gé gbogbo ẹ̀ kúrò, bó ti wù kó jinlẹ̀ tó.

Àbámẹ́ta, 15

Oníkámẹ́rà pè láàárọ̀. Gàgàrà ni mo mú. Mi ò ráyè bá a tàkúrọ̀sọ.

Mo ṣí fọ́tò ọjọ́ ìbí mẹ́jọ. Kò sí àmì nínú ìkankan. Ojú Aúńtí ń dán bí àwo. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni. Mo wá fẹ àwòrán lójú. Abẹ́ ojú òsì – awọ tí mo bù láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí mo fi lẹ ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, ibi yòówù kí n ti rí i, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sì kì í tọ́jú èyí tí mi ò tíì fọ̀. Bí mo bá ti parí, mo ti pa á rẹ́.

Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ibi tí mo lẹ̀ kò ju orí píìnì lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fẹ̀ díẹ̀. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, díẹ̀ sí i. Ti ọdún tó kọjá fẹ̀ tó èékánná ọmọńdinrín mi. Ọdọọdún ni mo rí i. Ọdọọdún ni mo pa á rẹ́, mo gbé fọ́tò fún un, ó sì dúpẹ́.

Mo pe dókítà. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Mo wá pe Aúńtí, mo sọ gbogbo ẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mò ń retí kó bú mi. Ó wù mí kó bú mi. Kò bú mi. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ àwọn fọ́tò yẹn ni mo máa ń wò tí mo bá fẹ́ mọ̀ pé ara mi ṣì le."